Orúnkún Tí Basit Fi Pamọ́

Basit Láwàl jókòó sínú ọkọ̀ níwájú gbọ̀ngàn ìṣeré kan ní The Woodlands, ìtòsí ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń fi báńdéèjì we orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Ó we é tán, ó tú u, ó tún un we. Ó fẹ́ kó fún un dáadáa, nítorí pé bó bá ṣe fún un tó ni ìrora náà ṣe ń dákẹ́ tó. Orúnkún náà wú, ó ń dán bí ọsàn tó pọ́n. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Muslimat, tó wa ọkọ̀ gbé e wá láti ilé wọn ní Alief, kò lè wò ó mọ́. Ó gbójú sí ìta.

"Bọ̀dá Basit, ẹ jẹ́ ká padà sílé," ni Muslimat wí.

"Ká padà lọ ṣe kí ni?"

"Ká fi han Mọ́mì. Ṣebí nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Wọ́n á mọ ohun tó yẹ ká ṣe."

Basit fi ẹ̀rín bò ó. "Tí Mọ́mì bá fi lè rí i, ó parí nìyẹn. Wọn ò ní jẹ́ kí n wọ inú ibí yìí. Ọjọ́ kan péré ni mò ń tọrọ, Muslimat. Àwọn tó wá wò wá lónìí, òkè òkun ni wọ́n ti wá. Tí wọ́n bá mú mi, gbogbo ìyà yìí á di ohun ìgbàgbé."

Ó ju oògùn apàrora méjì sẹ́nu, ó fi omi lé e, ó sì bọ́ sílẹ̀. Muslimat ń wò ó bó ṣe ń rìn lọ. Nígbà tó rò pé ẹnikẹ́ni kò rí òun, ó tiro. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó na ara rẹ̀ tọ́ọ́, ó rìn wọlé bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé agídí ló ń da ọmọkùnrin yìí láàmú, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré ni Basit ti ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́. Bó bá fò, á dà bí ẹni pé ilẹ̀ gbàgbé láti fà á padà. Nígbà tó wọ yunifásítì, eré méjì ló ń ṣe fún wọn. Ní àsìkò òtútù, ó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi, òun á bọ́ bàtà kan, á wọ òmíràn, á lọ sórí pápá, níbi tó ti ń fò kọjá ọ̀pá tí wọ́n gbé sókè. Eré méjì, ara kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ara ọ̀hún ń jẹ́ fún un nígbà náà.

Bàbá rẹ̀, Lùkúmọ̀n Láwàl, ń wa tírélà láti Houston lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ òkèèrè. Ibi gbogbo tó bá ti dúró rọ epo ló ti ń yọ fóònù. "Ẹ wò ó! Ọmọ mi nìyẹn! Ẹ wo bó ṣe ń fò bí ẹyẹ!" Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá ti mọ Basit lójú. Ní mọ́ṣáláṣí wọn, àwọn àgbà á na ọwọ́ sókè kí wọ́n tó lè fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n á ní, "Ọ̀gá eléré, má jẹ́ kí wọ́n fò jù ọ́ o!" Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní yin ni yin ni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn. Basit ń ṣe òmíràn. Kò fẹ́ kí ìyìn náà dín kù.

Ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, ó ń dùn ún bó bá dìde lórí ibùsùn. Evelyn, obìnrin tó ń tọ́jú ara àwọn eléré wọn, tẹ orúnkún náà títí, ó mi orí.

"Basit, yan ọ̀kan nínú eré méjèèjì. Orúnkún yìí kò lè gbé méjì mọ́. Fi fífò sílẹ̀ lọ́dún yìí, kó o sinmi, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo gbọ́ mà," ni Basit wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé yàrá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Bó bá fi ọ̀kan sílẹ̀, ta ni yóò tún máa pè é ní eléré méjì? Kí ni bàbá rẹ̀ yóò máa fi han àwọn èèyàn? Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó padà sọ́dọ̀ Evelyn, ó ní kò dun òun mọ́. Evelyn tẹ̀ ẹ́. Basit fún eyín pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Evelyn tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn. Òógùn yọ sí Basit níwájú orí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún náà.

"Ṣé òtítọ́ lò ń sọ fún mi?"

"Òtítọ́ ni mà."

Ó ní kó máa lọ. Basit fò lọ́dún náà. Ó fò dáadáa pàápàá.

Nígbà tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege wọn nínú oṣù karùn-ún, gbogbo ilé Láwàl ló lọ. Bàbá rẹ̀ kígbe títí ohùn fi há. Ìyá rẹ̀, Suwebat, fi ìborí rẹ̀ nu omijé. Àfi bí gbogbo rẹ̀ ṣe dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà bí iná tí wọ́n pa. Fóònù Basit kò dún. Kóòṣì tó máa ń pè é ní "ọmọ mi" kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́, ó ti ń wá ọmọ mìíràn. Basit ṣí ojú ìwé yunifásítì náà lórí ayélujára, ó rí i pé wọ́n ti yọ àwòrán rẹ̀ kúrò, wọ́n ti fi ti ẹlòmíràn sí i. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọfẹ́, àńjọfẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan.

Ẹnì kan ló rántí rẹ̀. Kóòṣì Veronica, tó kọ́ ọ ní básíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Alief, pè é.

"Mo nílò igbákejì. Wá bá mi kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. O lè máa kọ́ wọn ní eré ìdárayá, kí o sì máa ka ìwé sí i. Oṣù kẹjọ ni ilé ẹ̀kọ́ wọlé."

"Ẹ ṣeun mà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò," ni Basit dá a lóhùn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń sọ pé, ṣé ibi tí mo ti gbéra ni mo tún máa padà sí? Kí làwọn ará mọ́ṣáláṣí máa sọ?

Àárín ìgbà yẹn ni Olúwapẹ̀lúmi dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti kékeré, ilé ńlá làwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Sugar Land, òun náà sì ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì díẹ̀ rí. Òun ló mú ìròyìn wá pé àwọn kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún àwọn tíìmù òkè òkun ń bọ̀ ní The Woodlands.

"Gúy, irú àǹfààní yìí ò wọ́pọ̀ o! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa wò ẹ́."

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀ nípa orúnkún ẹ? Ta ni ò fara pa nínú wa? Lo oògùn, we é, wọlé, fò. Tó o bá ti di tiwọn, dókítà tiwọn á tọ́jú ẹ. Ṣùgbọ́n tó o bá sọ fún Mọ́mì ẹ pẹ́nrẹ́n, ó tán."

Olúwapẹ̀lúmi kò ní ibi lọ́kàn. Ohun tí Basit fẹ́ gbọ́ ló sọ fún un, ìyẹn sì ni ewu ibẹ̀. Basit pa ọ̀rọ̀ Kóòṣì Veronica tì, ó sì ń fi ṣòkòtò gígùn bo orúnkún rẹ̀ nínú ooru Houston tí èèyàn fi ń wá ibi tí atẹ́gùn wà. Bí ìyá rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, á yára jókòó kó má bàa rí i bó ṣe ń tiro. Nígbà kan, Suwebat dúró, ó wò ó.

"Basit, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, Mọ́mì. Ó rẹ̀ mí ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe dé gbọ̀ngàn náà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn.

Oògùn náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Basit sáré, ó fò, ó gbé bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n látòkè bí ẹni ń gbé ife sórí tábìlì. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ ẹni kejì rẹ̀ nígbọ̀nwọ́, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Basit. Basit rí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò kíyè sí i pé orúnkún náà ti ń gbóná lábẹ́ báńdéèjì. Muslimat, tó ti wọlé wá dúró lẹ́bàá ògiri, ló kíyè sí i pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ẹ̀gbọ́n òun fi ń bọ́ sílẹ̀ báyìí. Ó fẹ́ kígbe. Níwájú gbogbo àlejò wọ̀nyí, kí ló fẹ́ sọ?

Wọ́n ju bọ́ọ̀lù kan sókè. Basit lọ bá a lókè, ó gbá a mú, ó sì ń bọ̀ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ balẹ̀.

Gbogbo èèyàn inú gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ. Ó dún bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Basit kò kígbe lójú ẹsẹ̀. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó rí i pé kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ìgbà yẹn ni igbe ta lẹ́nu rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń yí lọ lórí pákó ilẹ̀, kò sí ẹni tó mú un. Muslimat sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń sọ pé, "Bọ̀dá mi, Bọ̀dá mi." Nígbà tí wọ́n fi ń gbé e sínú ọkọ̀ aláìsàn, eré tún ti ń lọ lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin tó fi àgbọ̀n tọ́ka sí i ń wo ẹlòmíràn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà fi àwòrán orúnkún náà hàn wọ́n. Iṣan tó gbé orúnkún dúró ti já. Kèrékèré tó wà láàárín egungun sì ti jẹ tán, kì í ṣe lọ́jọ́ kan.

"Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń bàjẹ́," ni dókítà wí. "Ká ní wọ́n gbé e wá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìsinmi àti ìtọ́jú ì bá tó. Ní báyìí, a máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì ṣeé ṣe ká tún un ṣe. Á rìn. Ṣùgbọ́n fífò àti sísáré, kó gbàgbé wọn."

Suwebat ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó di irin ibùsùn mú.

"Nọ́ọ̀sì ni mí, Basit," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Àwọn bàbá àti ìyá àwọn ẹlòmíràn ni mò ń tọ́jú látàárọ̀ dalẹ́. Bí ìka ẹsẹ̀ bá dùn wọ́n, wọ́n á sọ fún mi. Ìwọ, nínú ilé mi, nídìí oúnjẹ mi, o fi í pamọ́ fún mi."

Basit yí ojú sí ògiri. Ó sàn kó pariwo mọ́ ọn ju kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a padà sílé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni apátímẹ́ńtì wọn wà, nítorí náà Basit kò lè sọ̀kalẹ̀ bí ẹnì kan kò bá dì í mú. Kò lè wakọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, nílùú Houston tó jẹ́ pé ẹni tí kò wakọ̀ dà bí ọmọdé tó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e. Ó ń dúró de Muslimat kó ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ó ń dúró de ìyá rẹ̀ kó wá wẹ̀ fún un. Ọmọ tó ga bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àga kékeré nínú balùwẹ̀, ó di ojú rẹ̀ pa títí ìyá rẹ̀ fi ṣe tán. Olúwapẹ̀lúmi wá lẹ́ẹ̀kan, ó gbé èso dání, kò lè gbójú sókè, kò sì padà wá mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Basit pe Kóòṣì Veronica.

"Mo ti rò ó wò mà. Bí mi ò bá tilẹ̀ lè sáré, mo lè jókòó kí n máa kọ́ wọn."

"Basit, mo dúró dè ọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Mo ti fún ẹlòmíràn. Ká ní o pè mí."

"Mo gbọ́ mà," ni Basit wí. Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ń gbọ́ ìró àwọn ọkọ̀ lórí fríwéè, títì márosẹ̀ ìtòsí ilé wọn. Gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ń lọ.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí wá kí i. Bí wọ́n ti wọlé, ara Basit sọ fún un pé kó dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè, orúnkún kọ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. "Jókòó, jókòó, Ọlọ́run ti gbà á," ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ṣàdúà, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó pè é ní ọ̀gá eléré lọ́jọ́ náà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ ti ìrìnàjò dé. Lùkúmọ̀n jókòó sí pálọ̀, kò bá a wí, kò bú u. Láti inú yàrá, Basit gbọ́ ariwo èrò, ó gbọ́ fèrè, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n ń kígbe. Fídíò ni bàbá rẹ̀ ń wò. Lójijì, ohùn náà relẹ̀, ó relẹ̀ sí i, títí kò fi dún mọ́. Ṣùgbọ́n Basit mọ̀ pé bàbá òun ṣì ń wò ó. Ó fẹ́ lọ bá a. Kò mọ ohun tí òun yóò sọ bí òun bá débẹ̀. Bàbá náà fẹ́ wá bá ọmọ rẹ̀, òun náà kò mọ ohun tí yóò sọ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Nígbà tó lè fi ọ̀pá rìn, bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí ìrun Jímọ̀. Bàbá rẹ̀ wọnú sàfù, ìlà àwọn tó ń kírun, lọ níwájú. Ní ẹ̀yìn, àwọn àga wà níbi tí àwọn arúgbó ti ń jókòó kírun. Basit jókòó sórí ọ̀kan. Bàbá arúgbó kan tó ń bọ̀ dúró, ó wò ó.

"Ọmọ mi, ṣé bàbá rẹ lo ń bá di àga yìí mú?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀."

Bàbá náà wo ọ̀pá, ó wo ẹsẹ̀ tó nà gbọnrangandan, ó jókòó tì í. "Èmi, ọjọ́ orí ló gbé mi dé orí àga. Kí ló gbé ìwọ wá?"

Gbogbo àwọn tó ti bi í, ó ń sọ fún wọn pé bọ́ọ̀lù ló fà á. Lónìí, kò lè pa irọ́ náà. "Ó ti ń dùn mí tipẹ́, sà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Bàbá náà ṣí ẹnu láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n lèmọ́mù ti gbé ìrun. Gbogbo èèyàn dìde. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n nàró, wọ́n sì forí kanlẹ̀. Basit rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ níwájú, ó rí orúnkún àwọn ọkùnrin lórí kápẹ́ẹ̀tì, àgbà àti ọmọdé, wọ́n kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kì í ṣe nǹkan kan. Ó tẹrí ba díẹ̀ lórí àga, ibi tí ara rẹ̀ lè dé nìyẹn. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀, kò nù ún.

Kò sí ẹni tó lè dá orúnkún Basit padà sí bó ṣe wà mọ́. Ìyá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò lè ṣe é, bàbá tó fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ kò lè ṣe é, omijé òun fúnra rẹ̀ kò sì lè ṣe é. Ìgbà tí wọ́n ì bá ṣe é ti kọjá, ìgbà tó ṣì jẹ́ ìrora lásán, tí gbólóhùn kan ì bá gbà á là. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ń yìn yín kọ́ ni yóò bá yín gbé ara tó bá bàjẹ́. Bí nǹkan bá ń dùn yín, ẹ tètè wí fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́, kódà bí ọ̀rọ̀ náà yóò gba ohun tí ẹ fẹ́ràn lọ́wọ́ yín fún sáà kan. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Àbámọ̀ ló sì ń gbẹ̀yìn ìrora tí a fi ẹ̀rín bò.